Ìlérí Tí Mo Ṣe fún Bàbá Ẹlẹ́yin

GRA, Zaria,
Ìgbà ọyẹ́, 1981.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí i, ó sì mú un wá bá mi ní lábù, yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí a ti ń gbé ìlú yìí. Ó kàn na àpò lẹ́tà náà sí mi, ó ní, "Wo ìkọ̀wé." Mo wò ó. Ó wọ́ bí ìkọ̀wé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún bí ìkọ̀wé rẹ ti máa ń tẹ̀ látijọ́. Lẹ́tà mẹ́ta tí o ti kọ sí bàbá rẹ láti ìgbà tí o ti padà sí Ìbàdàn, ọwọ́ òsì lo fi kọ gbogbo wọn; ọwọ́ ọ̀tún lo fi kọ èyí. Mo jókòó lórí àpótí tí a ń kó ìgò sí, mo sì sunkún níṣojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ara ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn.

Mo ka ibi tí o ti kọ pé àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ jí, pé o fara kan ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó, ó jó ọ, o sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá rò pé orí rẹ ti dà rú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìròyìn kejì tí o fi sí ìsàlẹ̀ bí ẹni pé kò tó nǹkan: pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ìwádìí, àti pé iṣan ìmọ̀lára ni o fẹ́ máa wádìí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. O fẹ́ mọ bí ó ṣe ń hù nínú ọmọ tí a kò tíì bí, àti bí ó ṣe lè tún hù nígbà tí ó bá já. Iṣẹ́ ìyá rẹ gan-an nìyẹn. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, tó ń rí mi tí mò ń fi garawa kó ọ̀pọ̀lọ́ wọlé, ó máa ń bi mí pé, "Rábíátù, ṣé iṣẹ́ ọpọlọ lò ń ṣe ni àbí iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọ́?" Ìwọ náà, múra sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn.

Mo bá ọ yọ̀. Mo sì fẹ́ kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó gùn bó bá ti fẹ́ gùn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ń bẹ láàárín àwa méjèèjì tí a kò tíì yanjú.

Ìwọ náà rántí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìgò fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, tó gé iṣan ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ, tí dókítà sì rán an, o wá sílé wá lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e kò mọ òtútù, wọn kò mọ iná. Láràárọ̀ ni mo ń ní kí o di ojú, tí mo ń fi òwú àti orí abẹ́rẹ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìwọ ń sọ pé, "Kò sí nǹkan." Lọ́jọ́ kan o la ojú, o ní, "Màmá, ṣé yóò padà?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

O ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú."

Mo tún ní, "N kò mọ̀, Àjọkẹ́." Mo kó òwú àti abẹ́rẹ́ mi, mo dìde, mo jáde. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn mi: "Bó bá ṣe pé ọ̀pọ̀lọ́ ni mí, ẹ̀ bá ti dá mi lóhùn."

Láti ọjọ́ yẹn, ìkíni àárọ̀ àti ìkíni alẹ́ nìkan ló kù láàárín wa, títí o fi wọ ọkọ̀ padà. N kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí mo fi dáhùn bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì kú, kí o má baà rò pé bí ọwọ́ tìrẹ yóò ṣe rí ni mò ń fi hàn ọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí o sì mú ohun tó bá wúlò fún ọ níbẹ̀.

Èkínní, má ṣe kọ ohun tí ojú rẹ kò rí sílẹ̀. Nígbà tí mo wà lókè òkun, tí ìwọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Sabon Gari, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni kí n máa wo ọmọ adìyẹ inú ẹyin. A ó gé fèrèsé kékeré sára èèpo ẹyin, n ó wo ibi tí iṣan ti ń yọ láti ẹ̀yìn ọmọ náà lọ sí apá rẹ̀, n ó sì yà á sínú ìwé, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ ilé wa kan tó wà nílùú náà ń sọmọ lórúkọ. Mo lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ Yorùbá gbẹ̀yìn, mo sì gbàgbé ẹyin. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, mo jókòó, mo ya ohun tí mo rò pé ó yẹ kí n ti rí.

Olùkọ́ mi jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í gbóhùn sókè. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tẹ́ gbogbo àwòrán mi sórí tábìlì. Ó fi ìka kan ọ̀kan, ó ní, "Èyí rẹwà ju gbogbo ìyókù lọ. Báwo lo ṣe yà á?" Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó fún mi ní pẹ́ńsù, ó ní kí n fa ilà gba orí àwòrán náà, kí n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "N kò sí níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ oṣù náà látìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun kò mọ èyí tí òun lè gbà gbọ́ mọ́ nínú ìwé mi. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ọmọ mi, ojú ìwé tó ṣófo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí o kò bá sí níbẹ̀, kọ pé o kò sí níbẹ̀.

Èkejì gùn ju ìyẹn lọ.

O mọ Bàbá Ẹlẹ́yin ní Tudun Wada. Ó ti pẹ́ tí o ti ń bá mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ ra ẹyin, o sì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ká bí ewé tó gbẹ. Ìgbà kan o bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ náà, mo ní ẹ̀rọ ló mú un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún àádọ́rin, n kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí yunifásítì níbí, ojú sì ń kán mi láti fi hàn pé obìnrin, ọmọ Ìlọrin, tí wọ́n bí sí Sabon Gari, lè ṣe ohun tí àwọn òyìnbó tó wà lábù wa ń ṣe. Mo ní oògùn kan tí mò ń dán wò lára ọ̀pọ̀lọ́. N ó fún iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ títí tí ẹsẹ̀ yóò fi kú, n ó fún un lóògùn, n ó sì máa ka ọjọ́ tí yóò tún ta ẹsẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, àwọn tí kò gba oògùn lọ́ra púpọ̀. Nígbà tí ooru dé, tí mo fún àwọn mìíràn lóògùn, wọ́n yára ta ẹsẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo jókòó kọ ìwé ìwádìí.

Málàm Sani, tí í ṣe òṣìṣẹ́ lábù mi títí di òní, ló ń tọ́jú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà. Ó wá dúró níwájú tábìlì mi, ó ní, "Madam, ba magani ba ne, ɗumi ne." Ó ní kì í ṣe oògùn, ìmóoru ni. Ó ní òun ti rí i pé àwọn tó wà nínú garawa ìtòsí fèrèsé, níbi tí oòrùn ń kàn, ló ń kọ́kọ́ ta ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Ìwé mẹ́fà péré ni Málàm Sani kà. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo ní, "Sani, omi ni mo ní kí ẹ pààrọ̀." Ó dáhùn pé ó dáa, ó sì lọ pààrọ̀ omi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Làmídì wá. Làmídì ni orúkọ Bàbá Ẹlẹ́yin. Ahunṣọ ni nígbà náà ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Chikaji, ẹ̀rọ sì ti fa apá rẹ̀, ó já iṣan rẹ̀ lókè ìgúnpá. Ọ̀rẹ́ ni ìyá rẹ̀ àti ìyá mi ní mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn ń pè mí ní Dókítà, wọn kò mọ̀ pé dókítà ọ̀pọ̀lọ́ ni mí. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ náà lé orí itan bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní, "Dókítà, ilé iṣẹ́ ní kí n wá máa jókòó lẹ́nu géètì, kí n máa fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé. Wọ́n ní kí n dáhùn kí oṣù tó parí. Ṣé kí n gbà á, àbí ọwọ́ yìí yóò padà?"

Àjọkẹ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ìwádìí mi, mo sì rò pé ohun tó jí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yóò jí ọwọ́ ènìyàn. Mo ní, "Ẹ má gbà á. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹ ó ti padà sídìí ẹ̀rọ yín."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó kọ iṣẹ́ ẹnu géètì. Oṣooṣù ló ń wá kí n yẹ ọwọ́ náà wò, oṣooṣù ni mo sì ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí ẹnu géètì. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti bá a tọrọ ní Ọ̀yọ́ lọ sílé ọkọ mìíràn. Ìka rẹ̀ ń ká díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀keje, ó ní, "Dókítà, oṣù keje rèé o." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣan fún un, bí ó ti jìnnà tó láti ìgúnpá dé ìka, bí ara ènìyàn ti yàtọ̀ sí ti ẹranko. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Nígbà tí ẹ sọ fún mi pé yóò padà, ṣé ẹ mọ̀ ni, àbí ẹ rò pé ẹ mọ̀?"

Mo ní, "Mo rò pé mo mọ̀."

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ bo ọwọ́ náà, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo kó ọ̀pọ̀lọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan nínú ìmóoru pẹ̀lú oògùn, àwọn kan nínú ìmóoru láìsí oògùn, àwọn kan nínú òtútù pẹ̀lú oògùn, àwọn kan nínú òtútù láìsí oògùn. Gbogbo àwọn tó wà nínú ìmóoru ta ẹsẹ̀ kíákíá. Gbogbo àwọn tó wà nínú òtútù lọ́ra. Oògùn mi kò ṣe nǹkan kan. Mo fa ìwé ìwádìí náà ya, mo lọ bá Málàm Sani níbi tó ti ń fọ ìgò, mo sì bẹ̀ ẹ́ níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Babu komai, Madam," pé kò séwu, ó sì ń fọ ìgò rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tún kọ ìwé mìíràn, lórí ìmóoru, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nítorí náà, bí o bá dé ibi iṣẹ́ tuntun yìí, mọ orúkọ ẹni tó ń fọ ìgò. Mọ orúkọ ẹni tó ń bọ́ ẹran. Ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, ìwọ kò ní rí i títí o fi bi wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọ́, mo padà sídìí ọmọ adìyẹ inú ẹyin. A nílò ẹyin adìyẹ tí àkùkọ ti gùn, ẹyin tí kò tíì pẹ́. Málàm Sani ní òun mọ ẹnì kan ní Tudun Wada tó ń sin adìyẹ dáadáa. Nígbà tí a débẹ̀, Làmídì ló jáde sí wa. Èmi àti òun wo ara wa. Ó ní, "Mélòó lẹ fẹ́?" Mo sọ iye tí mo fẹ́, ó sì fi ọwọ́ òsì kó wọn sínú agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀ nípa bí iṣan ṣe ń wá ọ̀nà dé apá àti ẹsẹ̀, inú ẹyin tí mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ni mo ti rí i. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ mẹ́ta. Ọdún ń gorí ọdún, a ń sọ̀rọ̀ òjò, a ń sọ̀rọ̀ àrùn adìyẹ. A kò mẹ́nu kan ọwọ́ náà rí.

Ìdí nìyí tí mo fi dá ọ lóhùn bí mo ti dá ọ lóhùn. Mo ti búra pé n kò ní ṣèlérí ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni mọ́, ìwọ ọmọ mi sì lẹni tí mo kọ́kọ́ ní láti mú ìbúra náà ṣẹ lára rẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké ń bẹ tí mo fẹ́ sọ kí n má gbàgbé. Wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí o bá ń fọ ìgò. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Má ṣe fi oúnjẹ ọ̀sán ṣe ẹ̀bùn fún iṣẹ́, iṣẹ́ kì í dúpẹ́. Bí èsì kan bá dùn mọ́ ọ nínú jù, fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí o tún un ṣe, nítorí a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ẹnì kan bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bí mo ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ, wò ó bóyá ó lè gbọ́ ìtàn ọmọ adìyẹ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyán. Bàbá rẹ gbọ́ tèmi. Ó yán, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tó kù ni èyí. Lánàá, ọjọ́ Sátidé, mo mú lẹ́tà rẹ, mo lọ sí Tudun Wada. Ẹ̀rù bà mí lójú ọ̀nà. Ta ni yóò mú ìròyìn ọwọ́ tó jí lọ bá ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ kò jí? Ṣùgbọ́n ó ti ń béèrè rẹ láti ìgbà tó ti gbọ́ pé ìgò gé ọ, n kò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó gbé àpótí fún mi, mo jókòó láàárín àwọn adìyẹ, mo ka ibi ìkòkò ẹ̀kọ náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Alhamdulillahi. Ìka wo ló kọ́kọ́ jí?" Mo ní àtàǹpàkò. Ó wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Òun ló ṣe pàtàkì jù."

Ni mo bá sọ ohun tí mo ti ń gbé mì láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Mo ní, "Làmídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó ní, "Mo ti foríjì yín tipẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, bí ẹ bá ti sọ òótọ́ fún mi ni, ǹ bá ti gba iṣẹ́ ẹnu géètì." Ó da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Àjọkẹ́ ńkọ́, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kú, tó bi yín, kí lẹ sọ fún un?"

Mo ní, "Mo sọ fún un pé n kò mọ̀."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Nígbà tí ẹ sọ ọ́ tán, ṣé ẹ jókòó tì í?"

Mo ní, "Rárá. Mo dìde, mo jáde."

Ó mi orí. Ó ní, "Ìyá Àjọkẹ́, oṣù méje ni ẹ fi ń parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò sí oṣù tí mo dé ọ̀dọ̀ yín tí ẹ kò jókòó tì mí, tí ẹ kò di ọwọ́ yìí mú. Ìyẹn wà lára ohun tí mo fi foríjì yín. Ọmọ yín gba òótọ́, kò gba ìjókòó."

Àjọkẹ́, mo rìn padà sílé, n kò wọ mọ́tò. Èmi rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi lára ọkùnrin yìí tán, ìdajì rẹ̀ ni mo kọ́. Òótọ́ ni pé n kò mọ̀. Ẹ̀rù ló lé mi jáde nínú yàrá náà, ẹ̀rù pé bí mo bá pẹ́ sí i, n ó ṣèlérí. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé ìdáná títí ojú mi fi gbẹ, ìwọ sì rò pé lábù ni mo lọ. Dárí jì mí. Ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ lọ́jọ́ iwájú, tó gbé ọwọ́ tó kú lé itan, tó bi ọ́ bóyá yóò padà, sọ òótọ́ fún un bí o ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, má dìde.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ìkọ̀wé rẹ dára ju tòun lọ nísinsìnyí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìka tó kù tètè jí, kí iṣẹ́ tuntun náà sì tù ọ́ lára. Bí ìsinmi bá dé, wá sílé. N ó jókòó tì ọ́, ìwọ ni yóò sì sọ pé ó tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rábíátù.